Kẹ́ Ẹ Tó Ra Kọ̀ǹpútà Fún Iléèwé Yẹn: Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Ran Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Lọ́wọ́ Ní Iléèwé Ìjọba

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí, torí ẹ̀ ni mo fi ń kọ gbogbo èyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì wa dáwó jọ, a ra kọ̀ǹpútà 10 fún iléèwé ìjọba tá a ti jáde n'Ìbàdàn, desktop ni o, a kun yàrá kan, a ta kánópì, a dá ẹgbẹ́jọdá, a gé ríbọ́ọ̀nù, gbogbo wa ya fọ́tò, inú wa dùn. Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn ẹ̀, mo gba àdúgbò yẹn kọjá, mo ní kí n yà kí wọn. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ títí, ó ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, nígbà tí wọ́n sì máa ṣílẹ̀kùn, náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé àwọn kọ̀ǹpútà yẹn láti ọjà ṣì wà lára márùn-ún nínú wọn, eruku ti bò ó. Tíṣà tó yẹ kó fi kọ́ àwọn ọmọ ti gba tiránsífà lọ síbòmíì, iná ò sí, kò sì sẹ́ni tó bi wá pé kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Bí mo ṣe ń jáde ni mo ya láàbù kẹ́mísírì. Àwọn ọmọ SS2 wà níbẹ̀, wọ́n lé ní ogójì, wọ́n sì há mọ́ tábìlì mẹ́ta torí bùrẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà ní gbogbo iléèwé, ìyẹn gíláàsì gígùn tín-ínrín tó ní nọ́ńbà lára, tí wọ́n fi ń ro ásíìdì sílẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ń jò nídìí, tíṣà ti fi rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó dì í. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tó ń na ọrùn, ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́, ó ń kọ nọ́ńbà táwọn ọmọkùnrin tó wà níwájú ń pè fún un. Mo bi í pé ṣó ti fọwọ́ ara ẹ̀ yí táàpù nǹkan yìí rí, ó ní "Rárá sà, àwa la máa ń kọ ọ́ sílẹ̀." Owó kọ̀ǹpútà kan péré nínú mẹ́wàá tá a kó sí yàrá kejì ì bá ra bùrẹ́ẹ̀tì tó máa kárí kíláàsì yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi dòní.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀yin PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń gbé nítòsí iléèwé ìjọba tọ́rọ̀ ẹ̀ sì ń ká yín lára, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Tíṣà ni kẹ́ ẹ lọ bá kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ gba ọ̀dọ̀ pírínsípà wọlé o, ẹ má yọ́ wọlé, ẹ kọ lẹ́tà kékeré pé ẹ fẹ́ wá wo láàbù, kẹ́ ẹ sì kí wọn bó ṣe yẹ. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti rí pírínsípà tán, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ bá tíṣà kẹ́mísírì, ti físíìsì àti ti báyọ́lọ́jì sọ̀rọ̀ ní láàbù gan-an, kó má jẹ́ ní ọ́fíìsì. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì lẹ ti béèrè pé "kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín," wọ́n á sọ pé géètì, wọ́n á sọ pé bọ́ọ̀sì, wọ́n á sọ pé họ́ọ̀lù, ó kàn jẹ́ pé ohun tó tóbi ló máa ń wá síni lẹ́nu nírú ibẹ̀. Ìbéèrè tó ṣiṣẹ́ fún mi ni èyí: "Ẹ dákun, practical wo lẹ fẹ́ ṣe ní tẹ́ẹ̀mù yìí tẹ́ ò rí ṣe, kí ló sì dí i lọ́wọ́?" Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Tíṣà tí kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè yẹn láti ọdún tó ti ń kọ́ni máa sọ̀rọ̀ fún yín dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ló ń ṣe kẹ́mísírì, bùrẹ́ẹ̀tì tí ò jò jẹ́ mélòó, ṣé lẹ́ǹsì microscope ṣì dáa àbí ó ti hu olú, ṣé omi ń yọ nínú táàpù, gáàsì ń kọ́. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni SS1 wọ láàbù gbẹ̀yìn. Èmi gbà pé ìbéèrè SS1 yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ iléèwé ni pé wọn kì í fọwọ́ kan láàbù rárá àfi tí WAEC bá fẹ́ dé. WAEC á fi ìwé ránṣẹ́ sí tíṣà ṣáájú ìdánwò pé kí wọ́n tọ́jú báyìí-báyìí sílẹ̀, ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn á wá máa sáré, wọ́n á dáwó lọ́wọ́ àwọn òbí, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó jẹ́ pé inú ìwé ló ti rí bùrẹ́ẹ̀tì láti SS1, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe?

Orílẹ̀-èdè wa ti ṣe àṣìṣe kí wọ́n máa ra ẹrù láì bi ẹni tó máa lò ó yìí rí, ó sì tóbi ju tèmi lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4 ní 1982, wọ́n ra ẹ̀rọ Introductory Technology láti òkè òkun fún àwọn iléèwé JSS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, tí wọ́n fi ń lu igi, ẹrù gidi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹrà sínú àpótí tí wọ́n fi gbé e wá, torí ọ̀pọ̀ iléèwé ò níná, wọn ò ní ilé tí wọ́n máa gbé e sí, wọn ò sì ní tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ka JSS lásìkò yẹn ṣì máa ń rántí àpótí wọ̀nyẹn.

Ohun tí láàbù nílò gan-an

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí torí ibí lowó yín ti máa ṣiṣẹ́ jù.

Ọmọ tó bá ń ṣe WAEC láti iléèwé gbọ́dọ̀ ṣe practical ní kẹ́mísírì, físíìsì àti báyọ́lọ́jì, ìwé ìdánwò tirẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, ó sì ní máàkì tiẹ̀. Ní kẹ́mísírì, titration ni ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ á fi pìpẹ́ẹ̀tì, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n fi ń fa omi, wọn 20 tàbí 25 cm³ base, òdìkejì ásíìdì, sínú kónà gíláàsì, á kán methyl orange, ìyẹn oje tó ń pa àwọ̀ dà, bí ẹ̀kán méjì sí i, omi yẹn á di àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà á máa ro ásíìdì láti inú bùrẹ́ẹ̀tì sí i, á máa fọwọ́ kejì gbọn gíláàsì, títí àwọ̀ yẹn á fi yí sí bí àwọ̀ ọsàn. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ń yí i. Tó bá fi ìkánjú tú ásíìdì jù, á di pupa fòò, ó ti kọjá nìyẹn, kó tún bẹ̀rẹ̀. Á ṣe é tó ìgbà mẹ́ta, kí àwọn nọ́ńbà tó máa lò súnmọ́ ara wọn, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má ju 0.20 cm³ lọ. Àwé, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀kán kan yẹn fún ọmọ lórí bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, bí ìyá tó ń dín àkàrà ṣe mọ̀gbà tí epo ti gbóná tó láì fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n.

Nítorí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ ra nǹkan, ẹ ra bùrẹ́ẹ̀tì 50 cm³ tó máa jẹ́ kí ọmọ méjì-méjì, tó bá pọ̀ jù mẹ́ta-mẹ́ta, lo ọ̀kan. Ẹ ra rítọ́ọ̀tì sítáńdì àti kíláàmpù tó máa dì í mú, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra bùrẹ́ẹ̀tì ogún láìsí sítáńdì kankan. Ẹ ra pìpẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ra rọ́bà tí wọ́n fi ń fà á, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fẹnu fa kẹ́míkà mọ́. Ẹ ra methyl orange àti phenolphthalein tóun náà ń pa àwọ̀ dà, ìgò kékeré kan ń pẹ́ gan-an. Fún físíìsì, metre rule, stopwatch, gíláàsì onígun mẹ́ta àti gíláàsì onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀, pín-ìn-nì, ammeter àti voltmeter tí wọ́n fi ń wọn iná, wáyà. Fún báyọ́lọ́jì, lẹ́ǹsì ọwọ́ tó máa kárí, torí báyọ́lọ́jì ò wọ́n tó báwọn èèyàn ṣe rò, àwọn alángbá, aáyán àti òdòdó hibiscus tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò kì í ṣòro rí láyìíká wa.

Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ lè rí kẹ́míkà rà ní ọjà Ọjọ́tà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá lọ. Tíṣà ló yẹ kó kọ orúkọ àti bó ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó, kó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á, kí iléèwé kọ lẹ́tà pé àwọn làwọn nílò ẹ̀. Ásíìdì tó ki, ìyẹn tí wọn ò tíì là, ó lè bó èèyàn lára ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé sẹ́yìn Micra láàárín ẹrù ọjà. Láàbù gbọ́dọ̀ ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ń tì fún un, báàkẹ́ẹ̀tì iyanrìn, omi tó ń ṣàn, gọ́gù fún ojú. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ÁSÍÌDÌ LÀ Ń DÀ SÍNÚ OMI, A KÌ Í DA OMI SÍNÚ ÁSÍÌDÌ. Tẹ́ ẹ bá da omi sínú ásíìdì tó ki, ó máa gbóná lójijì, ó sì máa ta sókè sójú ẹni tó ń dà á.

Ọ̀nà tá a gbà dáwó lẹ́ẹ̀kejì tún dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ò sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú iye báyìí wá mọ́. A gbé lísìtì tí tíṣà kọ sílẹ̀ sórí WhatsApp wa, ẹni tó bá fẹ́ á kọ orúkọ síwájú nǹkan tó fẹ́ rà, "èmi á ra bùrẹ́ẹ̀tì méjì," "èmi á ra metre rule gbogbo," ẹni tí ò lówó púpọ̀ ra phenolphthalein, ó sì fi rìsíìtì ẹ̀ hàn wá tayọ̀tayọ̀. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá ó ti parí. Ẹ rí i dájú ṣá pé ẹrù yín dé ní tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́, September tàbí October, kì í ṣe April tí WAEC ti ń kan ilẹ̀kùn.

Ohun tó ti wà ní kíṣìnì tẹ́lẹ̀

Tó bá jẹ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí JSS lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́, owó kékeré ni. Ẹ ra sóbò ní ọjà, ìyẹn ìṣápá pupa gbígbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbóná, ẹ pín in sí kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó máa pọ́n wẹ̀ẹ̀ sí i. Ẹ da omi eérú sí èkejì, tàbí káún tí wọ́n pò mọ́ omi, ẹ ó rí i tó máa ṣú, tó máa di bí àwọ̀ ewé. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fi wéra. Ásíìdì àti base nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún gan-an, ó máa hó ṣọ̀ọ̀, afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló ń jáde yẹn. Ariwo tí àwọn ọmọ máa pa, ẹ óò gbọ́ ọ!

Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí màmá àgbà fi ń ro omi eérú kí wọ́n tó ṣe ọṣẹ dúdú, kí ló dé táwọn aláró n'Ítòkú l'Abẹ́òkúta fi nílò omi eérú nínú ìkòkò ẹlú nígbà yẹn, tí wọ́n wá ń lo sódà báyìí. Ọmọ á rí i pé base kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó tó já bọ́ látọ̀run, ìyá ìyá òun ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ iléèwé sí àdúgbò.

Físíìsì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ so òkúta mọ́ òwú, ẹ fi kọ́ ìṣó, kí òwú yẹn jẹ́ mítà kan, kí ọmọ kan máa ka fífì, kí èkejì fi fóònù ka àsìkò. Fífì 20, lọ-bọ̀, máa gbà tó 40 sẹ́kọ́ǹdì. Ẹ wá gé òwú kù sí 25 cm, ìdá mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n rò pé ó máa jẹ́. Ọ̀pọ̀ á ní 10. Ó máa jẹ́ 20. Ẹ má tètè ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gbé òkúta tó tóbi jù síbẹ̀ kí wọ́n rí i pé kò yí i padà. Iyàn yẹn gan-an ni sáyẹ́ǹsì.

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn ọ̀hún. Mo mọ̀ pé àwọn iléèwé kan ṣì ń gba fáìnì lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "vernacular," ó sì ń bí mi nínú gan-an. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ lọ, títí kan òyìnbó gan-an. Òyìnbó ni wọ́n máa fi kọ WAEC, mo mọ̀, kí tíṣà kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ẹ̀ lẹ́yìn tí òye bá ti wọlé.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ṣì fẹ́ ṣe

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe kọ̀ǹpútà o. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di orí kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ kan sì wà tó jẹ́ ọjọ́ ìdánwò yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ jókòó síwájú ẹ̀. JAMB tiẹ̀ ti jẹ́ kó ṣeé ṣe pé kéèyàn fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré ṣe é láì fọwọ́ kan mouse: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́ pé o ti parí, R láti fagi lé e pé o ò tíì fẹ́ parí. Kéèbọ́ọ̀dù kan tó ti bàjẹ́, tí kò so mọ́ nǹkan kan, ẹ lè fi kọ́ ọgbọ̀n ọmọ ní lẹ́tà mẹ́jọ yẹn ní ọ̀sán kan kí ẹ̀rù lè kúrò lára wọn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Desktop kan pẹ̀lú ojú ẹ̀ lè jẹ tó 150 sí 200 watt, mẹ́wàá lè jẹ tó 2,000. Laptop kan jẹ́ bí 45 sí 65, mẹ́wàá ò tó 700, ó sì ní bátìrì tiẹ̀ nínú, wọ́n lè fi oòrùn ọ̀sán gba iná sí i. Sólà tó máa gbé laptop mẹ́wàá kéré gan-an sí èyí tó máa gbé desktop mẹ́wàá, owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi desktop jèrè, ẹ̀rọ sólà á gbà á padà. Ẹ má tún ka jẹnẹrétọ̀ sí i, kò sí iléèwé ìjọba tó ń rówó epo. Ẹ fi irin de pánẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ sì bá bàálẹ̀ tàbí àwọn landlord àdúgbò sọ̀rọ̀, torí ojú wọn ló máa ṣọ́ ọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe dandan. Simulation PhET, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi láàbù, tí Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ṣe, Carl Wieman tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní físíìsì ló dá a sílẹ̀ ní 2002, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè gbé e sórí laptop kó máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ọmọ á so wáyà, bátìrì àti gílóòbù pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, á rí bí iná ṣe ń lọ, tó bá so ó láṣìṣe kò sí nǹkan tó máa jó. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Kolibri tún wà, ẹ fi í kó ẹ̀kọ́ sórí kọ̀ǹpútà kan, àwọn yòókù á máa kà á lára ẹ̀. Scratch wà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógíráàmù, òun náà ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba Ọ̀ṣun ṣe irú nǹkan yìí ní 2013 nígbà tí wọ́n gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ìwé àti ìbéèrè WAEC àtijọ́ ló wà nínú tábílẹ́ẹ̀tì yẹn, ọmọ ò nílò dátà kó tó kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì yín ti fẹ́ dànù sínú kọ̀ǹténà fún wa. Owó kọ̀ǹténà yẹn lè sanwó ènìyàn kan fún ọdún kan.

Ta ló máa lò ó?

Torí ènìyàn lọ̀rọ̀ já sí. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, ẹni tó ń tọ́jú láàbù ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fi ẹlòmíì rọ́pò. Tíṣà kan ṣoṣo ló máa po kẹ́míkà, tó máa kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ, tó máa fọ gíláàsì, tó tún máa máàkì ìwé. Tí ẹgbẹ́ yín bá lè máa san owó oṣù fún ọmọ tó jáde láti Poly tó ka Science Laboratory Technology, kó máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ ti ṣe ju yàrá kọ̀ǹpútà mẹ́wàá lọ. Àwọn kọ́pà náà wúlò gan-an, ẹ wá ilé fún wọn. Mo mọ iléèwé tó jẹ́ pé torí pé bàbá kan fún kọ́pà ní yàrá kan lọ́fẹ̀ẹ́ ni físíìsì ṣe ní tíṣà níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Àmọ́ kọ́pà á lọ lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹnì kan nínú àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀ máa kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún lọ́dọ̀ ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹkáníìkì, ẹlẹ́tíríkà, nọ́ọ̀sì, apòògùn, ẹ béèrè fún wákàtí kan lóṣù ní kíláàsì. Ẹlẹ́tíríkà tó wá fi gílóòbù mẹ́ta àti pákó hàn wọ́n ìdí tí iná yàrá kan fi ń kú tí tèkejì ò kú, àwọn ọmọ ò gbàgbé series àti parallel mọ́, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà so iná. Tí iléèwé ò bá ní JETS Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, ẹ bá wọn dá a sílẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin: ẹ ṣáà bá tíṣà sọ ọ́ kó di òfin láàbù pé ẹni tó kọ nọ́ńbà lónìí ló máa yí táàpù lọ́la. Kò gba kọ́bọ̀ kankan.

Ìjọba ń kọ́?

Owó wa ò gbọ́dọ̀ di àwáwí fún ìjọba. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS wà lábẹ́ SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 sì ya owó sọ́tọ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ ní láti mú owó tirẹ̀ wá kó tó rí èyí tó wà fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ohun èlò gbà. SS wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà, kí wọ́n má bàa máa ti yín láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Ẹ kọ ọ́ pé a fẹ́ mọ iye tíṣà físíìsì tó yẹ kó wà níbí àti iye tó wà, a fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ná sórí láàbù yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Òfin Freedom of Information ti 2011 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ọjọ́ 7 ló fún wọn láti dáhùn. Kí PTA àti SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iléèwé, jọ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n fi sítáǹpù lù.

Èyí tó kẹ́yìn, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú stock book iléèwé lójú yín, iye ẹ̀, ọjọ́ ẹ̀, ibi tó wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Pírínsípà máa ń gba tiránsífà, tíṣà náà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnì kan nínú yín tó ń gbé nítòsí máa yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní tẹ́ẹ̀mù, láìsí kámẹ́rà, kó kàn jókòó lẹ́yìn kíláàsì.

Èmi ni wọ́n fà kalẹ̀ ní sẹ́ẹ̀tì wa. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin nínú mẹ́wàá yẹn ṣì dáa, a ti so sólà mọ́ wọn. Bùrẹ́ẹ̀tì ti di mẹ́rìnlélógún, méjì ti fọ́, tíṣà kọ méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ọmọ tó fọ́ wọn, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ wọ́n níyà, torí ẹni tó bá ń lo nǹkan ló ń fọ́ ọ. Lánàá ó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ káalẹ́ sà. SS1 ti lo methyl orange tán. Ẹ bá wa wá òmíràn kó tó di Monday."